Wọ́n ní òtútù ò ní pọ̀, síbẹ̀ yìnyín dí ilẹ̀kùn

Ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 2023 tó sì wọ 2024 ni òtútù rẹ̀ kéré jù lọ ní Kánádà láti ọdún 1948 tí àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi dígírì márùn-ún àti díẹ̀ gbóná ju bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ tó jẹ́ ti ìjọba ti sọ ọ́ ṣáájú pé El Niño, ìyẹn ìgbóná àrà ọ̀tọ̀ lójú omi òkun Pacific, ti dé, òtútù kò ní mú bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2024, ìjì kan dúró sí etíkun Cape Breton ní ìpínlẹ̀ Nova Scotia, kò lọ, kò bọ̀. Yìnyín tó ju mítà kan lọ ló dà sórí ìlú Sydney àti agbègbè rẹ̀, níbòmíràn ó súnmọ́ mítà kan ààbọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kéde pàjáwìrì. Àwọn kan ṣí ilẹ̀kùn, ògiri funfun ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà, ojú fèrèsé ni wọ́n gbà jáde.

Àsọtẹ́lẹ̀ yẹn kò parọ́. Ohun tí kò sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Kí oṣù Kejìlá tó wọlé, àjọ Environment Canada á gbé àwòrán ilẹ̀ jáde lórí bí oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ ṣe lè rí. Wọ́n á kó ìgbà òtútù bí ọgbọ̀n ọdún tó ti kọjá jọ, wọ́n á pín in sí ọ̀nà mẹ́ta tó dọ́gba: èyí tó tutù jù, èyí tó wà láàárín, èyí tó gbóná jù. Kọ̀ǹpútà ńlá á wá ṣe ìṣirò náà ní àìmọye ìgbà, á máa fi ìwọ̀nba díẹ̀ yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tí èyí tó ń bọ̀ fì sí. Tí wọ́n bá kọ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sí etíkun pé yóò gbóná, ìdá 40 ṣì wà níbẹ̀ tó lè mú nǹkan mìíràn wá. Kódà bí ìdá 60 náà bá ṣẹ, àpapọ̀ àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ kan. Ìyá ọlọ́jà tó ní ọjà tà lóṣù mẹ́ta kò parọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàrá gbé igbá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan nínú oṣù mẹ́ta náà.

Sísọ ti yìnyín ṣáájú tún wá le ju ti òtútù lọ. Létí òkun, dígírì kan tàbí méjì péré ló wà láàárín òjò àti yìnyín. Ìjì kan náà lè rọ òjò sí Halifax, kó da yìnyín sí àárín Nova Scotia, kó sì rọ òjò tó ń dì mọ́ wáyà iná níbòmíràn, títí wáyà á fi já. Kò sí àsọtẹ́lẹ̀ oṣù mẹ́ta kankan tó lè sọ ibi tí ààlà yẹn máa gbà kọjá.

Ẹ wo ibi tí etíkun ìlà oòrùn Kánádà yìí wà. Ìlú St. John's, olú ìlú Newfoundland àti Labrador, sún sí gúúsù ju London àti Paris lọ, síbẹ̀ òtútù rẹ̀ le ju tiwọn lọ. Ìṣàn omi òkun tí wọ́n ń pè ní Labrador Current ló ń gbé omi tútù wá láti àríwá, òun náà ló ń gbé àwọn òkè omi dídì tí ọkọ̀ Titanic kọlu ọ̀kan nínú wọn ní oṣù Kẹrin ọdún 1912. Láti gúúsù, Gulf Stream ń gbé omi gbígbóná bọ̀. Afẹ́fẹ́ tó tutù nini á fẹ́ wá láti orí ilẹ̀, á pàdé èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tó sì kún fún omi lórí òkun, ibẹ̀ sì ni ìjì ti ń jẹun yó. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ méjì, Fred Sanders àti John Gyakum, sọ irú èyí tó bá ń yára le lójijì ní bọ́ǹbù: ìjì tí agbára afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ilẹ̀ ní àárín rẹ̀ bá fi mílíbà 24 wálẹ̀ láàárín wákàtí 24. Etíkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà títí dé Newfoundland wà lára ibi tí irú rẹ̀ pọ̀ sí jù láyé.

Nítorí náà, òkun yìí kan náà ló ń dín òtútù kù, òun náà ló ń bí ìjì. Ní oṣù Kìn-ín-ní, Winnipeg tó wà láàárín ilẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 16 nísàlẹ̀ òdo. Ti St. John's kì í ju bíi mẹ́rin sí márùn-ún nísàlẹ̀ òdo lọ. Ṣùgbọ́n yìnyín tó ju mítà mẹ́ta lọ ló ń bọ́ sí St. John's lọ́dún.

El Niño nìkan kọ́ ló ń darí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní NAO lágbára níbẹ̀ jù ú lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ilẹ̀ nítòsí Iceland àti nítòsí erékùṣù Azores ni. Bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀, afẹ́fẹ́ òtútù á máa ya lu Labrador. Bí ó bá kéré, Labrador á rọ̀, òtútù á sì kọjá sí Yúróòpù. Àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Ọba ní ọdún 2010 mọ èyí lára. Ìgbà òtútù náà ni Britain rí èyí tó le jù láti bí ọgbọ̀n ọdún, tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Lásìkò yẹn gan-an, omi dídì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá ní Gulf of St. Lawrence. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Met Office, àjọ ojú ọjọ́ ti Britain, fi hàn pé a lè rí díẹ̀ nínú ìṣesí NAO ṣáájú ní bí oṣù mélòó kan. Ìtẹ̀síwájú gidi ni, àmọ́ ìjì kan pàtó ṣì kọjá agbára wọn.

Ọ̀ràn omi dídì yìí kàn mí lọ́kàn gidigidi, torí ènìyàn lè rò pé bó bá ti ń dín kù, ìgbádùn ló dé. Omi dídì tó bo ojú òkun ló ń dá ìgbì dúró. Bí kò bá sí, ìgbì á máa gbá ẹsẹ̀ ilẹ̀ pupa Prince Edward Island jẹ. Bákan náà, omi tó ṣí sílẹ̀ ló ń fún ìjì ní ohun mímu. Òkun tó ṣí sílẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kó tó lu Cape Breton lọ́jọ́ tí mo sọ yẹn.

Ọjọ́ tí àwọn ará St. John's kò ní gbàgbé ni ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Yìnyín tó bọ́ sí pápákọ̀ òfurufú wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76.2, èyí tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ní àdúgbò The Battery, níbi tí ilé rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òkè Signal Hill létí èbúté, òkìtì yìnyín ya láti òkè, ó sì wọ ilé kan. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: ní 1959, irú rẹ̀ pa ènìyàn márùn-ún níbẹ̀. Ìjọba kéde pàjáwìrì fún ọjọ́ mẹ́jọ, kò sí ọkọ̀ lójú pópó, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọmọ ogun ló wá ń fi ṣọ́bìrì la ọ̀nà fún arúgbó àti aláìsàn. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti kìlọ̀ nípa ìjì yìí ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Àwòrán oṣù mẹ́ta tó jáde ṣáájú Kérésìmesì kò lè dárúkọ rẹ̀.

Lórí òkun, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejì ọdún 1982, ìjì ìgbà òtútù ri ilé iṣẹ́ tó ń wa epo lójú òkun, Ocean Ranger, pẹ̀lú gbogbo ènìyàn 84 tó wà lórí rẹ̀.

Àwọn tó ń gbé pẹ̀lú ìjì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ irú ìkìlọ̀ tí wọ́n nílò. Ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Newfoundland, níbi tí wọ́n ń pè ní Wreckhouse, afẹ́fẹ́ máa ń ya láti orí òkè wá tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń taari ọkọ̀ ojú irin kúrò lójú irin nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin lọ bá Lauchie MacDougall, ọdẹ tó ń gbé níbẹ̀, wọ́n ń san owó oṣù fún un kó máa gbọ́ afẹ́fẹ́ fún wọn. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 1965, ìyàwó rẹ̀ sì gbà á ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò bi í bí ìgbà òtútù ọdún yẹn ṣe máa rí. Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé: ṣé ọkọ̀ lè kọjá lálẹ́ yìí?

Àsọtẹ́lẹ̀ oṣù mẹ́ta ní àwọn tó wúlò fún: ilé iṣẹ́ iná tó ń ṣètò epo, ìjọba ìlú tó ń ra iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì, àwọn ọkọ̀ tó ń fọ́ omi dídì fún ọkọ̀ ẹrù. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Halifax tàbí tó wá kàwé ní Memorial University ní St. John's, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn nísinsìnyí, ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni kó máa tẹ̀ lé. Ìjọba Kánádà ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ní oúnjẹ àti omi wákàtí 72 nílẹ̀. Lójú tèmi, lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020, ọ̀sẹ̀ kan ló yẹ, pàápàá níbi tí ọmọdé tàbí oògùn ojoojúmọ́ bá wà. Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ fún àlejò: bí yìnyín bá ti ń ga lára ògiri, ẹ jáde lọ wo ihò tí èéfín ẹ̀rọ amúlégbóná ń gbà jáde, kí ẹ fi ọwọ́ tàbí ṣọ́bìrì yọ yìnyín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá dí, èéfín tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, á padà sínú ilé, ó sì lè pa gbogbo ẹni tó sùn síbẹ̀.