Phimosis: Ṣé àìsàn ni bí awọ nǹkan ọmọkùnrin kò bá tíì ṣí?

Ìyá ọlọ́jà ọmọ Yorùbá ní Ọjà Ńlá Treichville, nílùú Abidjan, tó bá gbé ọmọkùnrin tí wọn kò tíì dábẹ́ fún lọ sọ́dọ̀ dókítà, lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan: 'phimosis'.

Ohun méjì ni wọ́n ń fi pè.

Èkíní kì í ṣe àìsàn. Láti inú oyún ni awọ náà ti lẹ̀ mọ́ orí nǹkan ọmọkùnrin. Lọ́dún 1949, dókítà ọmọdé Douglas Gairdner ní Britain fi hàn pé ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún ìkókó ni tiwọn ṣeé fà sẹ́yìn pátápátá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tú. Ti ẹlòmíì di ìgbà ìbàlágà.

Èkejì ni àìsàn: àpá ló mú kí ẹnu awọ náà le, kó sì fún. Bí ọmọ bá ń ké tó bá ń tọ̀, tàbí awọ náà pọ́n, tó wú, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ má fi ipá fà á. Ó lè ya, kí àpá rẹ̀ sì sọ èkíní di èkejì.