Ǹjẹ́ Àrùn Shingles Lè Mú Kí Àgbàlagbà Ṣarán?

Ẹni tí ṣíkìnpọ́ọ̀sì bá mú ní kékeré a máa rò pé àrùn náà ti lọ pátápátá nígbà tí ojú egbò bá ti jinná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ a máa sá pamọ́ sí ìdí àwọn iṣan tí ń mú kí ara mọ ìrora, a sì dákẹ́ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ogbó bá dé, tí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà sì dínkù, ó lè tún jí. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní shingles. Ara a kọ́kọ́ máa ta ẹni bí iná. Lẹ́yìn náà, roro olómi a yọ ní apá kan ìhà tàbí ojú. Kì í ṣe ṣọ̀pọ̀ná, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní 1980 pé ṣọ̀pọ̀ná ti tán ní ayé.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń bèèrè bóyá kòkòrò yìí lè ba ọpọlọ jẹ́, kí ó sì mú kí àgbàlagbà ṣarán. Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Wales, ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, ti la ọ̀nà díẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù September 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára shingles. Ẹni tí a bí ní ọjọ́ kejì oṣù September 1933 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹni tí a bí ṣáájú ọjọ́ náà kò ní. Báyìí ni ọjọ́ ìbí nìkan ṣe ya àwọn ẹgbẹ́ kan náà sọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ìlera àwọn tí ó lé ní 280,000 wò fún ọdún méje. Ní 2025, wọ́n kéde pé abẹ́rẹ́ náà dín ṣíṣarán kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún láàárín àwọn tí ó gbà á. Ó sì ṣe àwọn obìnrin ní àǹfààní ju àwọn ọkùnrin lọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tí shingles bá mú ni yóò ṣarán. Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ni ó ń fa ṣíṣarán, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára wọn. Ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ náà kò jẹ́ kí kòkòrò náà jí. Ó sì lè jẹ́ pé ó fún gbogbo agbára ara lókun.

Ẹni tí ó bá rí irú roro bẹ́ẹ̀ ní ara rẹ̀, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, nítorí ìgbà náà ni oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Kí ó fi aṣọ mímọ́ bo ojú roro náà, kí ó sì jìnnà sí ọmọ ọwọ́ àti aláboyún tí ṣíkìnpọ́ọ̀sì kò mú rí.

Bí ìyá tàbí bàbá bá sì ń gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tàbí tí ó ń ṣìnà ní àdúgbò ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní àjẹ́, kí a má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Àìsàn ni. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.