Òótọ́ àbí irọ́? Àwọn tó jẹ́ Ààrẹ, àtàwọn tí a kàn ń pè bẹ́ẹ̀

Bí iyàn òṣèlú bá bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìlódè, nílé Ifẹ̀, ẹni tó jókòó sórí àga ló ń jìyà rẹ̀. Onígbàjámọ̀ á gbé kílípà kúrò lórí rẹ̀, á máa fi nàka sí àwọn tó ń bá a jiyàn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan orí oníbàárà ti mọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì kún. Òótọ́ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ nípa àwọn olórí ilẹ̀ wa, irọ́ náà ò sì kéré. Ojú kan náà ni irọ́ ọ̀hún sì ń gbà wọlé. Àwọn èèyàn rò pé gbogbo ẹni tó bá ti gun àlééfà ló ń jẹ́ Ààrẹ, wọ́n sì rò pé ẹni tó bá ti ń jẹ́ Ààrẹ, agbára ti dọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní Nàìjíríà, orúkọ lè wà lọ́wọ́ Táyé kí agbára wà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé.

“Awólọ́wọ̀ ti ṣe Ààrẹ rí.”

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń tan àwọn ọmọ wa jẹ. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì tó wà nílùú wa ń jẹ́, àwòrán rẹ̀ ló sì wà lára ọgọ́rùn-ún náírà. Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni bàbá náà láti 1954 sí 1959. Lábẹ́ Gowon, ó ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná àti igbákejì alága ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ó du ipò Ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN ní 1979 àti 1983. Shehu Shagari ni wọ́n kéde lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ní ti yunifásítì, Yunifásítì Ifẹ̀ la mọ̀ ọ́n sí títí Awólọ́wọ̀ fi kú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1987. Ọjọ́ 12 oṣù yẹn ni ìjọba Babangida fi orúkọ rẹ̀ pè é. Àwọn tó ti gboyè jáde ṣáájú ìgbà náà ṣì ń pè é ní Ifẹ̀, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ń fi àwòrán ara owó jiyàn, ẹ ní kó tú owó rẹ̀ sílẹ̀ ká jọ wò ó. Balewa tó wà lára náírà márùn-ún, olóòtú ìjọba ni. Alvan Ikoku tó wà lára náírà mẹ́wàá, olùkọ́ ni. Murtala tó wà lára ogún náírà, olórí ìjọba ológun. Àwọn tó wà lára àádọ́ta náírà ò tilẹ̀ lórúkọ. Ahmadu Bello tó wà lára igba náírà, olórí ìjọba Àríwá ni, bí Awólọ́wọ̀ ṣe jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn. Mai-Bornu àti Isong tí wọ́n jọ wà lára ẹgbẹ̀rún náírà, gómìnà báńkì àpapọ̀ ni àwọn méjèèjì. Nínú gbogbo owó bébà wa, Ààrẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Nnamdi Azikiwe, lára ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ẹyọ kan náà ọ̀hún, kò sí ará ìlú tó dìbò fún un.

“Azikiwe ni Ààrẹ àkọ́kọ́, àwa la sì dìbò yàn án.”

Ìdajì òótọ́, ìdajì irọ́. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí wa. Òyìnbó tó ń jẹ́ James Robertson ló ń ṣojú rẹ̀ níbí, àfi ìgbà tó di ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá tí Azikiwe gba ipò Gómìnà Àgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1963, tí a kúrò lábẹ́ ọbabìnrin pátápátá, ni Azikiwe di Ààrẹ. Wọn ò gbé àpótí ìdìbò jáde. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, pé kí gbogbo ayé gbà pé a ti yàn án. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà yẹn yá ju ìpolongo ìbò lọ!

Ṣùgbọ́n Balewa ló ń pàṣẹ. Nígbà tí àwọn sọ́jà dìtẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1966, Azikiwe ò sí nílé, ó ti rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Nwafor Orizu, olórí ilé aṣòfin àgbà tó ń dele dè é, ló kéde pé a ti fa ìjọba lé ológun lọ́wọ́. Ẹni tí a kọ́kọ́ dìbò yàn sípò Ààrẹ, tí orúkọ àti agbára sì jọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Shagari ni, ní 1979.

“Gbogbo sọ́jà tó ṣèjọba ló ń jẹ́ Ààrẹ.”

Irọ́. Ironsi ò jẹ́ ẹ, Gowon ò jẹ́ ẹ, Murtala, Abacha àti Abdulsalami ò jẹ́ ẹ. Ọbásanjọ́ àti Buhari náà ò jẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n wà nínú kákí. Ìgbà tí wọ́n padà wá pẹ̀lú agbádá ni wọ́n tó di Ààrẹ. Olórí ìjọba ológun ni gbogbo wọn. Babangida nìkan ló fi orúkọ Ààrẹ dá ara rẹ̀ lọ́lá, láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1985 títí di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1993. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́jọ dín ọjọ́ kan, iye tí òfin òde òní gbà fún ẹni tí a dìbò yàn lẹ́ẹ̀mejì. Ernest Ṣónẹ́kàn, ọmọ Ẹ̀gbá tó gbé ìjọba lé lọ́wọ́, kò rí orúkọ gbà, kò rí agbára gbà. Olórí ìjọba fìdíhẹẹ́ ni wọ́n pè é. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1993, ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní ìjọba náà ò bófin mu, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà Abacha ní kó máa lọ sílé.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àpọ́n ni Gowon nígbà tó gorí oyè. Òótọ́ ni, ẹni ọdún 31 sì ni. Ọdún 1969 ló gbéyàwó, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà. Ní 2018 a sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò Ààrẹ kalẹ̀ láti 40 sí 35. Síbẹ̀, bí Gowon ìgbà yẹn bá dé lónìí, fọ́ọ̀mù lásán ò ní tọ́ sí i. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1975 nígbà tó wà nípàdé ní Kampala, ó sì gba Warwick lọ, ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

“Ọbásanjọ́ ni sọ́jà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó gbé ìjọba fún alágbádá.”

Ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni. Ní Áfíríkà, rárá o. Àwọn sọ́jà Ghana ti gbé e fún Busia ní 1969. Ní 1979 gan-an, ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ni Rawlings, olórí ìjọba ológun Ghana, fa ìjọba lé Limann lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ kan géérégé ṣáájú Ọbásanjọ́.

“Buhari ti kú tipẹ́, Jubril ará Sudan ni wọ́n gbé síbẹ̀.”

Irọ́ funfun. Buhari fúnra rẹ̀ dáhùn ọ̀rọ̀ yìí ní Poland ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Oṣù Keje ọdún 2025 ló kú, ní London.

“Ọọ̀ni Adérẹ̀mí ti ṣe gómìnà rí, ṣùgbọ́n ère lásán ni gómìnà ayé ìgbà yẹn.”

Èyí ló kàn wá jù ní Ifẹ̀, òun náà ni mo sì fi ṣe àgbákẹ́yìn. Apá kìíní, òótọ́. Adésọjí Adérẹ̀mí, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1930 sí 1980, ti ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀ àwọn lọ́balọ́ba Ìwọ̀-Oòrùn kó tó di gómìnà ní 1960, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní Nàìjíríà. Ifẹ̀ ò tíì ní Ààrẹ Nàìjíríà, àmọ́ a ti ní ìyẹn.

Apá kejì ni mi ò gbà. Lóòótọ́, bíi ti Azikiwe ni ipò rẹ̀ rí: ẹlòmíràn ni olórí ìjọba, gómìnà á kàn máa fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ ní 1962, àwọn aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé kan ránṣẹ́ sí i pé àwọn ò fẹ́ Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, mọ́. Wọ́n ju ìdajì ilé lọ. Ọọ̀ni ò dúró kí wọ́n dìbò nínú ilé. Ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ló yọ Akíntọ́lá, ó fi Dáúdà Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá kọ̀, ó ní òun ò lọ. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni àga ń fò nínú ilé aṣòfin n'Íbàdàn, tí ọlọ́pàá da tajútajú sí wọn lójú. Kí oṣù tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti kéde ìjọba pàjáwìrì.

Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà, Akíntọ́lá borí. Ó dé London, níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ọbabìnrin, Adégbénró borí ní 1963: wọ́n ní òfin gbà kí gómìnà wo ìwé tí àwọn aṣòfin kọ kó sì gbé ìgbésẹ̀. Ìdájọ́ ọ̀hún ò ṣiṣẹ́. Ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn sáré tún òfin wọn kọ, wọ́n sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, kó fi lè bo ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, a ti di orílẹ̀-èdè olómìnira tí ẹjọ́ rẹ̀ kì í lọ sí London mọ́.

Àwọn Malaysia ò gbàgbé o. Ní 1966, nígbà tí gómìnà Sarawak yọ olórí ìjọba rẹ̀ nítorí ìwé tí àwọn aṣòfin kọ, ẹjọ́ Adégbénró àti Akíntọ́lá ni wọ́n gbé jáde; adájọ́ níbẹ̀ ní tàwọn yàtọ̀. Ní 2009, Sultan ìpínlẹ̀ Perak, ọba tó ti ṣe adájọ́ àgbà rí, ní kí olórí ìjọba fipò sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dìbò nínú ilé. Wọ́n tún gbé ìwé ẹjọ́ náà jáde. Ní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá Sultan láre.