Ohun Tí Wọ́n Ń Wí Ni Mo Fẹ́ Gbọ́

Pálọ̀ ìyá àgbà kan tí mò ń pè ní Màmá wà ní Ibido, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó kóra jọ di Ṣágámù lásìkò ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ilé ẹbí ni, ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Yàrá kan àti pálọ̀ ló kan Màmá níbẹ̀. Mo fi téèpù télọ̀ wọn pálọ̀ náà: fíìtì méjìlá ní gígùn, mẹ́wàá ní ìbú. Àga onítìmùtìmù ti gba ìdajì rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n onínṣì 32 sì jókòó sórí tábìlì lábẹ́ fèrèsé. Láti ibi tí Màmá ń jókòó sí dé iwájú rẹ̀, kò ju fíìtì méje lọ. Fíìmù Yorùbá ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti yí ohùn rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ Màmá kọjú sí mi, wọ́n ní: "Kí ni ìyá ọkọ yẹn ń wí?"

Etí Màmá kò di. Bí ewúrẹ́ bá fẹnu kan ìkòkò lẹ́yìnkùlé, wọ́n á gbọ́. Ohùn ń dé etí wọn, ọ̀rọ̀ ni kò dé. Mo yí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà síta kí n lè rí ibi tí ohùn ń gbà jáde. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dojú kọ pákó tábìlì. Gbogbo ohun tí àwọn òṣèré ń sọ, tábìlì ni wọ́n ń bá sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n n'Íbàdàn ní October 31, 1959, àpótí gbàǹgbà ni tẹlifíṣọ̀n, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún sípíkà tó tóbi. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni ayé ń fẹ́ báyìí, kò sì sí ibi tí sípíkà gidi máa wọ̀ sí mọ́. Ẹ wá fi ti ọjọ́ orí kún un. Ohùn tínínrín ni etí àgbà máa ń kọ́kọ́ pàdánù, ohùn tó ki á ṣì máa wọlé. Ohùn tínínrín yẹn ló ń jẹ́ ká mọ f yàtọ̀ sí s, ká mọ t yàtọ̀ sí k.

Ọmọ Màmá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní kí n mú wọn lọ ra soundbar, ó sì ti fowó ránṣẹ́. Àpótí gbọọrọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni soundbar, wọ́n to sípíkà sínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé e síwájú tẹlifíṣọ̀n kó lè kọjú sí ènìyàn. Ilé iṣẹ́ Altec Lansing l'Amẹ́ríkà ti gbé irú rẹ̀ jáde ní 1998, ṣùgbọ́n ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ gba ọjà ló tó di ohun tí tọmọdé tàgbà ń rà. Kí a tó jáde, mo wọn àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n méjèèjì. Mo tún wọn bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ga sí lórí tábìlì: sẹ̀ńtímítà mẹ́fà. Soundbar tó bá ga ju ìyẹn lọ lè bo ojú kékeré tí rìmóòtù ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ yí ṣánẹ́ẹ̀lì á máa na ọwọ́ sókè bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Mo fi fóònù ya àwòrán àwọn ihò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà láìya àwòrán yẹn, ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìkan ló máa gbé padà wálé.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa dé ọjà Sábọ. Apẹ̀rẹ̀ gbànja tí wọ́n fi ewé bò wà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn Hausa tó ń rà á ń dúnàádúrà lọ́wọ́. A kọjá lára wọn dé ìlà àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti sípíkà. Ẹ ò ní béèrè ọ̀nà. Ariwo wọn ló máa mú yín débẹ̀.

Ọmọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ló bá gbé èyí tó tóbi jù jáde. Woofer rẹ̀, àpótí tó ń gbé béèsì jáde, tó tìmùtìmù ga. Wọ́n kọ 300W gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Ó fi orin kan sí i, gíláàsì ṣóòkéèsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Màmá mi, èyí máa milé o!"

"Ilé ọkọ mi ni," Màmá dáhùn. "Kí ló ṣe ọ́ tó o fi fẹ́ mì í? Pa á jàre."

Mo ní kó jẹ́ kí n rí ṣájà tí wọ́n fi ń gbé iná fún un. Lára rẹ̀, ní lẹ́tà tó kéré débi pé mo ní láti fi iná fóònù tàn án, wọ́n kọ "15V 2A". Ẹ fi 15 ṣe ìlọ́po 2: wáàtì 30. Iná tó ń wọlé kò ju 30 lọ, báwo ni ohùn 300 ṣe máa jáde? Mo bi ọmọ yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní PMPO ni wọ́n kọ síbẹ̀. Òótọ́ ló sọ. PMPO ni iye tí wọ́n bá pè é fún ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan kan, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń ṣírò tirẹ̀ bó ṣe wù ú. RMS ni kí ẹ máa wá, òun ni agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdúró. Bí wọn ò bá kọ RMS sí i, ẹ wo ara ṣájà tàbí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Páálí lè purọ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ṣájà. Fún pálọ̀ Màmá, 30W tó jẹ́ òótọ́ ti pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ woofer yẹn náà ní ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú pálọ̀ tó gùn ní fíìtì méjìlá, ìyẹn mítà 3.66, béèsì tó ń gbọ̀n bíi ìgbà 47 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń bá ìgbì ara rẹ̀ pàdé láàárín ògiri méjèèjì, á sì wú kọjá bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá tún gbé woofer sí kọ̀rọ̀ ilé, níbi tí gbogbo ènìyàn ń gbé e sí, ó tún burú sí i. Ìró yẹn ló ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Nínú irú ilé ẹbí báyìí, ògiri tó pín yàrá kì í dé òrùlé. Abẹ́ sílíńgì ló ń parí sí. Béèsì yín á gba òkè lọ bá aládùúgbò lórí ibùsùn rẹ̀. Lójú tèmi, woofer kò níṣẹ́ kankan nínú pálọ̀ fíìtì méjìlá, bí wọ́n bá tiẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ.

Ṣọ́ọ̀bù kejì, tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tà. Ọjà tó dára wà níbẹ̀, n kò ní parọ́. Ọ̀kan wà tó ti ilẹ̀ Japan wá, igi ara rẹ̀ ṣì ń dán, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara. Mo yí i padà. Wọ́n kọ "AC 100V" sí ìdí rẹ̀. Iná tiwa 230V ni. Ẹ̀rọ tó bá ní ṣájà ọ̀tọ̀, tí wọ́n kọ 100–240V sí lára, ìyẹn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n èyí, wáyà rẹ̀ ti inú rẹ̀ jáde tààrà. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí a ra step-down tó ń dín agbára iná kù kún un, pé kò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, kò wọ́n. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ-ọmọ kan bá wá kí Màmá, tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, tó sì ki wáyà yẹn bọ ara ògiri, èéfín ni wọ́n máa wò dípò fíìmù. A dúpẹ́, a jáde.

Ṣọ́ọ̀bù tó gbẹ̀yìn kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Obìnrin ló wà níbẹ̀, ó sì fi àga fún Màmá kó tó béèrè ohun tí a fẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ gbé jáde ni JBL kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bar 2.0 All-in-One: sẹ̀ńtímítà 61 ní gígùn, kò ga tó sẹ̀ńtímítà mẹ́fà, 80W, kò ní woofer. Ó bá àlàfo wa mu. Ó tún gbé òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó kéré díẹ̀ sí i, orúkọ tí kò gbajúmọ̀, ṣájà tirẹ̀ jẹ́ 18V 2A. Èmi tún sọ fún un nípa irú kan tí ilé iṣẹ́ Creative ti Singapore ṣe, Stage Air, tí kò gùn ju sẹ̀ńtímítà 41 lọ, tó ní bátìrì nínú tó lè gbé e tó wákàtí mẹ́fà. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé kò sí lọ́wọ́ òun. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kan lẹ́bàá ilé ìwòsàn ńlá OOUTH, tó ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, irú ìyẹn ì bá dára. 10W péré ni ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì í kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo yọ fíláṣì kúrò lápò. Orin ìlù dùndún ló wà níbẹ̀, ìyáàlù, kẹríkẹrì, gúdúgúdú, gbogbo wọn pé. Orin tí ọlọ́jà máa ń fi dán sípíkà wò, èyí tó máa mú ọjà tirẹ̀ dára ló ń yàn. Ìlù dùndún kò ní ṣojúsàájú fún ẹnikẹ́ni. Lórí ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ kò gbajúmọ̀ yẹn, ìyáàlù kàn ń dún gbì, gbì, gbì; gúdúgúdú ti rì. Ìlù ń lù, kò sọ nǹkan kan. A yí wáyà sórí JBL. Gúdúgúdú jáde lápá kan, ó ń ta wẹ́wẹ́wẹ́. Ìyáàlù bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn: a ń gbọ́ ìgbà tí onílù fa ọṣán mọ́ra tí ohùn gòkè, a ń gbọ́ bó ṣe dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí ohùn fi yọ̀ wálẹ̀. Màmá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó ṣe, ẹnu wọn ń mì, wọ́n ń tún ohun tí ìlù wí sọ, gbólóhùn tẹ̀lé gbólóhùn. Obìnrin ọlọ́jà yẹn wò mí, ó dín iye tó pè díẹ̀ kí n tó la ẹnu.

A ṣì ná an títí. Owó irú ọjà yìí kò dúró lójú kan mọ́ láti ọdún 2023 tí náírà ti já, nítorí náà n kò ní pe iye kankan níbí tó máa di irọ́ lọ́la.

Obìnrin ọlọ́jà náà fẹ́ ká máa fi Bluetooth lo JBL náà, pé wáyà ti di ti àtijọ́. Mo ní kó gbé fíìmù sórí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, kó so ó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu òṣèré ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Bluetooth lè pẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá; fún orin, kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ẹnu kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ti dá a lágara. Ìgbà yẹn ni mo ṣí àwòrán tí mo yà nílé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú ihò HDMI méjì tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n Màmá, wọ́n kọ ARC síbẹ̀. Láti 2009 tí HDMI 1.4 ti jáde ni irú rẹ̀ ti wà: wáyà kan ló ń gbé ohùn láti inú tẹlifíṣọ̀n lọ sínú soundbar, rìmóòtù kan náà á sì lè máa yí ohùn rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí kò bá ní ARC, kí ẹ wá ihò tí wọ́n kọ Optical sí, kí ẹ sì rántí yọ ike kékeré tó bo ẹnu wáyà rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́.

Nílé, iṣẹ́ náà kò pẹ́. Dikódà wọ ihò HDMI kan, soundbar wọ èyí tí wọ́n kọ ARC sí, mo yí ètò ohùn inú tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí sípíkà tirẹ̀. Mo gbé soundbar dé etí tábìlì pátápátá kí ohùn má baà máa lu pákó. Kí n tó yí ojú padà, Màmá ti fi aṣọ kọroṣé funfun bò ó, èyí tó bá ti orí tẹlifíṣọ̀n mu. Mo ṣí i. Wọ́n tún bò ó. A wá fẹnu kò pé kí aṣọ yẹn máa bò ó nígbà tí a bá pa á. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì pálọ̀ náà ń dá ohùn padà díẹ̀, Màmá sì ní ẹní ńlá kan tí wọ́n ká sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A tẹ́ ẹ síwájú àga, kọ́tìnnì náà a jẹ́ kó bo fèrèsé. Ohùn tó ń ta kora lára ògiri dín kù. A fi ohùn sí ìdajì, kò dé òpin mọ́. Ìyá ọkọ inú fíìmù ń ṣépè, Màmá sì ń dá a lóhùn.

Àbúrò ọkọ wọn kan yọjú láti yàrá kejì. Ó wo soundbar náà títí, ó ní ọmọ òun bímọ, pé ọjọ́ Sátidé ni ìkómọ, pé ṣé Ìyàwó lè yá àwọn ní ohun tuntun yìí kí wọ́n gbé e sábẹ́ kánópì.

"Fún èrò ìta?" Màmá dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá wa, ẹ lọ rẹ́ǹtì sípíkà. Tèmi yìí, pálọ̀ ló mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ sí."