Èwo Ni Ẹgbẹ́ Ń Kà Nínú Owó Tí A Ń Ná? Àlàyé Lórí Bónọ́sì Ọjà

 

Bí ọdún ìṣirò ẹgbẹ́ wa ti ń parí lọ yìí, ìbéèrè kan ni ó ń wá sí ọ́fíìsì wa lójoojúmọ́: "Akọ̀wé, èló ni bónọ́sì tèmi máa jẹ́ lọ́dún yìí?" Àwọn mìíràn kì í béèrè, wọ́n kàn ń retí ni, bí ẹni ń retí èènì lọ́wọ́ ìyá onígaàrí. Àwọn kan sì ń bínú pé àwọn ra ọjà púpọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ lọ́dún tó kọjá, síbẹ̀ ohun tó tẹ àwọn lọ́wọ́ kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí a fi rò ó pé ó yẹ kí a ṣe àlàyé yìí kí ìpàdé gbogbogbòò ọlọ́dọọdún tó dé, kí olúkúlùkù lè mọ owó tí ẹgbẹ́ ń kà, èyí tí ẹgbẹ́ kì í kà, àti ohun tí ó yẹ kí òun tètè ṣe.

BÓNỌ́SÌ KÌ Í ṢE ÈÈNÌ

Ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá, bí oníbàárà bá ra gaàrí kóńgò mẹ́wàá, ìyá ọlọ́jà lè bu díẹ̀ lé e. Èènì nìyẹn. Ìyá ọlọ́jà ló mọ iye tí òun yóò bù, ó sì lè má bu nǹkan kan rárá bí inú rẹ̀ kò bá dùn lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó lè tìtorí èènì pe ọlọ́jà lẹ́jọ́.

Bónọ́sì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ara yín ló ń padà sọ́wọ́ yín. Iye tí wọ́n ń ta ọjà nígboro ni ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ náà ń tà á. Èrè tó wà lórí ọjà yẹn, tí ì bá bọ́ sí àpò ẹnì kan ṣoṣo, àpò ẹgbẹ́ ló bọ́ sí. Nígbà tí ọdún bá parí, tí a ti san owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀, owó iná àti owó òṣìṣẹ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ra ọjà. Alága kò fi ta yín lọ́rẹ, akọ̀wé náà kò fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí a kò kọ sílẹ̀, ta ni yóò mọ̀ ọ́n?

IBI TÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ètò yìí ti pẹ́. Ní 1844, ní ìlú Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn 28 kó owó jọ, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní òpópónà Toad Lane ní ọjọ́ 21 oṣù December. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ tí aṣọ híhun jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin aláṣọ Ìtòkú, ẹ ò rí i pé ará yín ni wọ́n! Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là wà lára ìwọ̀nba ọjà tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń po ayédèrú mọ́ oúnjẹ, wọ́n sì ń fi òṣùwọ̀n yan àwọn tálákà jẹ.

Ohun tí àwọn ará Rochdale wá ṣe ni pé wọ́n ní èlé orí owó ìdókòwò kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, ṣùgbọ́n èrè tó bá kù, kí a pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọjà tí olúkúlùkù rà bá ti pọ̀ tó. Ẹni tó ra púpọ̀ gba púpọ̀, ẹni tó ra díẹ̀ gba díẹ̀. Ètò náà tàn ká gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ìyá bá rán ọmọ lọ ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́, ọmọ náà gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà ìyá rẹ̀ kí akọ̀wé ọjà lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ darúgbó tán, wọn kò gbàgbé nọ́ńbà yẹn.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ìjọba pe Ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland wá wò ó bóyá irú ẹgbẹ́ yìí lè fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó kọ àbọ̀ rẹ̀ ní 1934, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì jáde ní 1935. Nínú ẹgbẹ́ àwọn oníkòkó ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ yìí, bí kòkó tí àgbẹ̀ gbé wá bá ti wọ̀n tó ni wọ́n fi ń ṣírò bónọ́sì tirẹ̀. Ẹni tó bá kọjá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, tó gbé kòkó rẹ̀ fún oníbárà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò ní nǹkan tí ẹgbẹ́ yóò kà fún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: ohun tí o bá ẹgbẹ́ ṣe ni ẹgbẹ́ yóò kà.

ṢÉ ỌJỌ́ NI KÍ A KÀ NI, ÀBÍ OWÓ?

Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ pé ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ fún 20 ọdún ló yẹ kó gba bónọ́sì tó pọ̀ jù, ìbáà má ra ọjà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lágbàáyé ń jà á láàárín ara wọn.

Ẹ wo àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá tí àwọn èèyàn ń wọ̀ fún ìgbádùn, tí ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù àti ibi ijó wà nínú wọn. Ilé iṣẹ́ Royal Caribbean ní ètò kan fún àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Crown & Anchor Society. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ pé òru tí èrò sùn nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń kà: òru kan, máàkì kan, ẹni tó bá gba yàrá ńlá, òru kan, máàkì méjì. Ẹni tó ná owó rẹpẹtẹ sórí ọtí àti aṣọ nínú ọkọ̀ kò tìtorí rẹ̀ gòkè ju ẹni tó mu omi lọ. Ní ti Holland America, ọjọ́ ni wọ́n ń kà, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń sọ owó tí èrò bá ná nínú ọkọ̀ di ọjọ́, wọ́n ń fi kún un. Carnival náà ti ń ka ọjọ́ bọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ní 2025 ó kéde pé òun yóò yí i padà sí kíka owó tí èrò bá ná. Ariwo ta láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn ti fi sìn ín ti fẹ́ di asán.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò yàtọ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń ti Amẹ́ríkà wálé mọ Delta. Láti oṣù January 2015 ni Delta ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye owó tí èrò fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣírò máìlì ẹ̀bùn rẹ̀, dípò jíjìn ìrìn àjò.

Kí ni a rí kọ́? Èkíní ni pé, kí èèyàn tó náwó, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń kà. Èkejì ni pé ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn lè yí òfin padà nígbà tó bá wù wọ́n, oníbàárà kò ní ìbò. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpàdé gbogbogbòò ló ni òfin wa. Ẹni tó ra ọjà ₦1,000,000 ní ìbò kan, ẹni tó ra ọjà ₦10,000 náà ní ìbò kan. Owó kò lè ra ìbò kejì nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ní ti àwọn àgbà wa, ọ̀wọ̀ wọn wà níbẹ̀, a kò sì ní yé bu ọlá fún wọn. Ṣùgbọ́n ọjà ló mú èrè wá. Bí a bá ń fi iye ọdún pín èrè ọjà, ẹni tó ń rà á yóò rẹ̀wẹ̀sì, yóò gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, ṣọ́ọ̀bù yóò sì kú mọ́ àgbà àti ọmọdé lọ́wọ́. Ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lágbàáyé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tún un kọ ní Manchester ní 1995, náà sọ pé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti bá ẹgbẹ́ ṣòwò tó ni kí ó fi jàǹfààní.

ÈYÍ TÍ ẸGBẸ́ WA Ń KÀ

1. Ọjà tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́, tí ẹ san owó rẹ̀ pé, tí a sì kọ sínú káàdì yín pẹ̀lú nọ́ńbà yín.

2. Ìpín yín nínú ọjà àjùmọ̀rà, bí ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí sìmẹ́ńtì. Bí ẹni mẹ́ta bá pín àpò kan, orúkọ ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ó wọ ìwé, kì í ṣe ti ẹni tó wá gbé e nìkan.

3. Ọjà àwìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá san án tán ni a ó kà á. Àwìn tí ó bá kọjá ọjọ́ tí a ó pa ìwé, ó di ti ọdún tó ń bọ̀.

4. Ọjà tí ọmọ tàbí ìyàwó ilé yín bá wá rà fún ilé, bí wọ́n bá ti pe nọ́ńbà yín.

ÈYÍ TÍ ẸGBẸ́ KÌ Í KÀ

Owó ìfowópamọ́ oṣooṣù kì í ṣe ọjà, a kì í kà á mọ́ bónọ́sì ọjà. Owó ṣíà náà kò sí níbẹ̀. Ṣíà ní èrè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Owó tí ẹ fi ń san ẹ̀yáwó padà, a kì í kà á. Owó ọkọ̀ tí a fi gbé ẹrù délé fún yín, owó ìtanràn ìpẹ́lẹ́yìn, àti ọjà tí ẹ dá padà, a kì í kà wọ́n. Bákan náà ni ọjà tí ẹlẹ́gbẹ́ kan fi nọ́ńbà rẹ̀ rà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà yín. Bí ó bá wù ú, kí ó wá forúkọ sílẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ Ọ́

Ká sọ pé ṣọ́ọ̀bù ta ọjà ₦20,000,000 lọ́dún, tí èyí tó wà lórí káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ ₦16,000,000. Ká sọ pé lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, tí ọ̀dítọ̀ ti yẹ ìwé wò, ₦1,600,000 ló ṣẹ́ kù. A ó kọ́kọ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin sí àpò ìpamọ́, ìyẹn ₦400,000. Ká sọ pé ìpàdé fọwọ́ sí ₦200,000 fún èrè ṣíà, àti ₦200,000 fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn. Ó ku ₦800,000 fún bónọ́sì. Bí a bá fi ₦16,000,000 pín in, ó jẹ́ ₦50 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan.

Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ ní Pánṣẹ́kẹ́ ra ọjà ₦300,000 láàárín ọdún, ó sì mú káàdì wá nígbà gbogbo. Bónọ́sì rẹ̀ jẹ́ ₦15,000. Ẹnì kejì rẹ̀ ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó náà ra ₦300,000, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó gbàgbé káàdì sílé, nígbà mìíràn ó rán ọmọ tí kò mọ nọ́ńbà. ₦120,000 péré ló wà lórí káàdì tirẹ̀. ₦6,000 ni yóò gbà. ₦9,000 rẹ̀ lọ. Owó náà kò sì ṣègbé sínú afẹ́fẹ́ o. Àwọn tó mú káàdì wá ni wọ́n pín in jẹ. Ṣé ẹ wá rí ibi tí ìbínú ọdún tó kọjá ti wá?

Ẹ ṢỌ́RA

Ẹ má ṣe tìtorí bónọ́sì ra ohun tí ẹ kò nílò. Ẹni tó ná ₦1,000 kí ó lè gba ₦50, ₦950 ló ti jáde lápò rẹ̀. Bí àwọn èrò inú ọkọ̀ òkun ṣe ń tìtorí máàkì náwó nìyẹn, tí wọ́n ń délé tí wọ́n ń ka gbèsè. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á tà, ẹ fi owó ọjà wa wé ti ìta. Bí ti wa bá wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé, nítorí bónọ́sì tó ti ara ọ̀wọ́n ọjà wá kì í ṣe èrè, a kàn mú un lápò ọ̀tún yín fi sí ti òsì ni.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE NÍSINSÌNYÍ

Ẹ mú káàdì àti rìsíìtì yín wá sí ọ́fíìsì kí a tó pa ìwé, kí a jọ fi wọ́n wé lẹ́jà ẹgbẹ́. Bí iye bá yàtọ̀, ibẹ̀ náà ni a ó ti tún un ṣe, ẹ ó sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí ọ̀dítọ̀ bá ti yẹ ìwé wò, kò sí àtúnṣe mọ́. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní nọ́ńbà yín, kí ẹni tí kò lè kà á fi sórí. Kí ẹ sì wá sí ìpàdé, nítorí níbẹ̀ ni ẹ ó ti fọwọ́ sí iye tí yóò jẹ́ bónọ́sì àti iye tí yóò lọ sí ibòmíràn.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ọwọ́ jọ tán, ó yẹ kí olúkúlùkù mọ ìka tirẹ̀. Àjọṣe wa kò ní bàjẹ́ o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Abẹ́òkúta