Ilé Ibùgbé gẹ́gẹ́ bí Ibi Ìkọ́ṣẹ́ Aṣáájú: Ẹgbẹ́ WASU ní Lọ́ńdọ̀nù

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga di aṣáájú. Ìtàn Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WASU, kò fara mọ́ èrò yìí. Nínú ẹgbẹ́ náà, owó tí ó wà ní ìkáwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìṣirò tí àwọn tí ó dá a yóò béèrè ni olùkọ́ gidi.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, àti Dókítà Herbert Bankole-Bright, ará Sàró, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1926 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Wasu (ọmọ Yorùbá wo ni kò ní rántí wàásù?). Ìṣòro tí ó le jù ni ibùgbé, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gba ènìyàn dúdú sílé.

Ní 1929 Ṣólàńkẹ́ padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta níbẹ̀, tí ó ń tọrọ owó ilé láti ìlú dé ìlú. Ẹni tí ó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé kò lè sá fún ìbéèrè wọn mọ́. Nígbà tí ilé náà ṣí ní Camden Road ní 1933, Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó rẹ̀. Aya rẹ̀, Ọpẹ́olú, ni ó sì ń ṣe ìtọ́jú ilé, iṣẹ́ tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà sí bí ó ti yẹ. Àwọn tí ó ń jiyàn nípa ọjọ́ iwájú Áfíríkà ní ìpàdé ni gbèsè ilé kan náà wà lọ́rùn wọn.

Ní 1934 ni Aggrey House ṣí, ilé mìíràn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tì lẹ́yìn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Áfíríkà. WASU kọ̀ ọ́, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dé ibẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ni ilé ni yóò máa pàṣẹ nínú rẹ̀. Ìpinnu náà kò rọrùn fún ẹgbẹ́ tí kò lówó lọ́wọ́, kò sì dúró bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí ilé tí ó tóbi jù ní South Villas ní 1938, ìrànlọ́wọ́ ìjọba wà lára owó tí wọ́n lò. Àwọn kan lè pe èyí ní ìtúúbá. Síbẹ̀, ní 1942, ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó kọ̀wé sí ìjọba náà pé kí ó fún àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìṣàkóso abẹ́lé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí òmìnira kíkún sì dé láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè gba owó ẹni láìgba àṣẹ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó ṣòro jù nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sì sí àpilẹ̀kọ olùkọ́ kankan tí ó lè kọ́ wọn.

Níbi tí àwọn aláṣẹ yunifásítì bá ti ń gba owó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ mọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì lè fi òfin de ẹgbẹ́ náà nígbà tí ó bá wù wọ́n, ọ̀ràn Aggrey House ṣì wà nílẹ̀ títí di òní.