"Ojú ń tì mí": ojú ta ni?

Tí ebi bá ń pa ẹ́, o kì í sọ pé ìwọ lò ń pa ebi. Òtútù náà ló ń mú ẹ, ìwọ kọ́ lò ń mú un. Irú gbólóhùn yẹn náà ni "ojú ń tì mí." Ojú ló ń ṣiṣẹ́, ìwọ ló ń ṣe é sí.

Ibẹ̀ ni "ìtìjú" ti wá. "Tì" pàdé "ojú", "o" tó ṣáájú pa jẹ, ó di "tijú". A wá fi "ì" síwájú, ó di "ìtìjú".

Ṣùgbọ́n "ojú tì mí" yàtọ̀ sí "ojú ń tì mí" o. Tí wọ́n bá ká ẹ mọ́ ibi tó o ti ń purọ́, ojú tì ẹ́ nìyẹn. Tó o bá wọ dánfó l'Óṣòdì, tó yẹ kó o pariwo pé "Ìyànà Ìsọlọ̀ wà o!", àmọ́ tí ohùn ò jáde títí wọ́n fi gbé ẹ dé Cele ńkọ́? O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì ẹ́ ni.

Charles Darwin náà kọ nípa ìtìjú nínú ìwé kan tó ṣe lọ́dún 1872. Ó ní ohun tá a rò pé àwọn ẹlòmíì ń rò nípa wa ló ń jẹ́ kí ojú èèyàn pọ́n.

Ojú ta ni wá ń tì wá gan-an? Lọ́dún 2000, Thomas Gilovich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ ẹ̀wù tí àwòrán Barry Manilow wà lára rẹ̀, irú èyí tó lè ti èèyàn lójú, kó wọlé bá àwọn míì. Àwọn tó wọ̀ ọ́ rò pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ló rí i. Nǹkan bí ìdámẹ́rin péré ló mọ ẹni tó wà lára ẹ̀wù náà.

Ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú ojú tó ń tì wá, orí wa ló wà. Nínú dánfó yẹn, ẹnì kan ń tẹ fóònù, ẹnì kejì ń bèèrè ṣéńjì, ẹnì kẹta ń sùn.

Èyí ò ní ká di aláìnítìjú o. Èébú nìyẹn nílẹ̀ Yorùbá. Ká tijú láti ṣe ibi, ó dáa. Àmọ́ ká tijú láti bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́, tàbí láti sọ ibi tó ń dùn wá fún dókítà, àwa fúnra wa ló máa jìyà ẹ̀.